Ikú Yá Ju Ẹ̀sín, Ikú Ta Ni?

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn Mùsùlùmí sì ti kírun ọ̀sán tán, àwa ìdílé Yorùbá mélòó kan ní Kubwa máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ sí pálọ̀ ẹnì kan nínú wa láti ka ìwé ìtàn. Abuja ni wọ́n bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà sí. Wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì á máa já wọ inú rẹ̀, tí inú bá sì bí wọn, Hausa ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Èmi ni mo sábà máa ń kàwé sí wọn létí. Mọ́mì Tóbi ni wọ́n ń pè mí. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, mi ò kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí. Ọgbọ́n tí mò ń dá kò ju kí n ka ojú ewé mélòó kan, kí n pa ìwé dé, kí n sì bi wọ́n pé: ta lẹ rí níbí tó láyà jù?

Ìbéèrè yẹn ti dá ìjà sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938. Ọmọ Òkè-Igbó ni Fágúnwà, ṣùgbọ́n ìwé náà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ Àríwá tí à ń gbé yìí ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Ìtòsí Bida ni Fágúnwà kú sí ní 1963. Nígbà tí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún ìwé náà sì jáde ní 1968, ẹ̀wọ̀n Kaduna ni Ṣóyínká wà, níbi tí ìjọba ológun tì í mọ́ nígbà ogun abẹ́lé. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ náà dáadáa, nítorí wọ́n gbà pé ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ti Yorùbá, Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Lángbòdó nínú ìwé yẹn, kò sí ẹni tó jọ ẹnì kejì nínú wọn. Ọlọ́hùn-iyọ̀ ló ni orin. Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ọfà ni iṣẹ́ Ẹ̀fọ́ìyè, ọgbọ́n ni ti Ìmọ̀dòye. Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn ló wá ni agbára, àwọn ọmọkùnrin wa sì ti yàn án láàyò láti ibi tó ti kọ́kọ́ yọjú. Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe kùmọ̀, wọ́n ń fò kiri lórí àga mi.

Ìgbà tó yá, a dé ibi tí Kàkó fẹ́ gbéra. Obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó fi òun sílẹ̀. Ìrìn àjò ń dúró dè é. Kàkó fa àdá yọ, ó ṣá obìnrin náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo pa ìwé dé. Àwọn oníkùmọ̀ ti jókòó. Ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ọ̀fà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì Tóbi, kí lobìnrin yẹn ṣe fún un?”

Mo ní kò ṣe nǹkan kan, ó di ọkùnrin náà mú ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin gbèjà Kàkó. Ó ní tó bá pẹ́, àwọn tó kù á fi í sílẹ̀ lọ, wọ́n á sì máa sọ pé obìnrin ló dá a dúró.

“Ẹ̀rù ló ń bà á nìyẹn,” ọmọbìnrin náà wí. “Kò láyà rárá.”

Mo ti ka ìwé yìí rí nígbà tí mo wà ní girama ní Ìlọrin. Orúkọ ìwin àti ìtumọ̀ òwe ni wọ́n ń bi wá nígbà náà, nítorí ìdánwò la ṣe ń kà á. Àfi ìgbà tí ọmọ yìí sọ̀rọ̀ ni mo tó rí i pé ohun tí Kàkó ń ṣe nínú igbó kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́ fún wa. Nínú igbó, kùmọ̀ rẹ̀ la ń rí. Ẹni tó lágbára tó sì ń ja ìjà tó gba agbára, kí ló ná an? Ẹsẹ̀ ilé rẹ̀ ni ìdánwò tirẹ̀ wà, níbi tí kò ti sí ìwin kankan, tó jẹ́ pé ohun tó ń lé e ò ju kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má fojú ọ̀lẹ wò ó. Ẹni tí ọ̀run àti ayé ò lè dá dúró, ẹnu èèyàn lé e sáré.

Nítorí ìjà ọjọ́ yẹn ni mo ṣe gbé ìwé Chinua Achebe wá, Things Fall Apart, ti 1958. A kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, a fi Yorùbá jà lé e lórí. Okonkwo ti da Amalinze tí wọ́n ń pè ní Ológbò bolẹ̀ nínú ìjàkadì, ó sì ti gbé orí ọ̀tá wálé láti ojú ogun. Ikemefuna, ọmọ tí ìlú mìíràn fi dí ẹ̀mí tí wọ́n pa, gbé ilé rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ó sì ń pè é ní bàbá. Nígbà tí òrìṣà ní kí wọ́n pa ọmọ náà, àgbàlagbà kan nínú ìlú, Ezeudu, rìn wá sílé Okonkwo láti kìlọ̀ fún un pé ọmọ tó ń pè é ní bàbá, kó má ṣe tọwọ́ bọ ikú rẹ̀. Okonkwo bá wọn lọ síbẹ̀síbẹ̀. Wọ́n ṣá ọmọ náà nínú igbó, ọmọ sá tọ bàbá rẹ̀ wá, bàbá rẹ̀ sì fa àdá yọ. Achebe kò fi ìdí rẹ̀ pa mọ́: ẹ̀rù ń ba Okonkwo kí wọ́n má pè é ní ojo.

Ogún ọdún ló wà láàárín ìwé méjèèjì, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kọ wọ́n kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, àdá kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n sì ṣá nínú méjèèjì ni ẹni tó fẹ́ràn wọn tó sì sún mọ́ wọn jù.

Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá mi kì í fi òwe yẹn ṣeré, tí mo bá fi ipò kẹta wálé ní ilé-ẹ̀kọ́ pàápàá, ó máa pa á. Mi ò bá òwe náà jà. Ẹni tó bá ní ikú tòun yá ju ẹ̀sín tòun, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ń sọ, a ó sì bá a ṣe é bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn méjèèjì yìí, ikú ta ni? Obìnrin yẹn ló kú kí ojú má bàa ti Kàkó. Ikemefuna ló kú kí ojú má bàa ti Okonkwo. Àwọn akọni méjèèjì wà láàyè, wọ́n jẹun alẹ́ tàbí wọn ò jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ló ti bá wọn san ẹ̀sín wọn. Bí mo ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà yọjú láti wá mú ọmọ rẹ̀, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má fi òwe àwọn àgbà kọ́ àwọn ọmọ ní àríyànjiyàn. Mo ní ẹ jókòó, sà, a ò tíì dé ìdí rẹ̀. Ó jókòó.

Ìdí rẹ̀ ni Obierika. Ọ̀rẹ́ Okonkwo ni, èèyàn ńlá nínú ìlú lòun náà, ṣùgbọ́n kò bá wọn lọ sínú igbó. Ó jókòó sílé rẹ̀. Nígbà tí Okonkwo bi í pé kí ló dé, ó ní bí òrìṣà bá ní kí wọ́n pa ọmọ òun, òun ò ní bá òrìṣà jiyàn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni yóò pa á. Kò pariwo, kò dá ìlú rú, kò sì gba ọmọ náà là. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ní, “Ṣé kéèyàn jókòó sílé náà ni wọ́n ń pè ní ìgboyà?” Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo bi í pé nígbà tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ bá ń fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ó ti wà níbẹ̀ rí tí òun nìkan kò rẹ́rìn-ín? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ó nira o.”

Ohun tó jẹ́ kí n gba Obierika gbọ́ bí èèyàn ni pé Achebe kò fọ̀ ọ́ mọ́ jù. Nígbà tí Okonkwo ṣèèṣì pa ọmọ ìlú tí wọ́n sì lé e lọ, Obierika wà nínú àwọn tó wó ilé rẹ̀, nítorí ohun tí òfin ilẹ̀ wí nìyẹn. Ó wó o tán kó tó lọ jókòó, tó wá ń rò ó pé kí ló dé tí èèyàn á fi jìyà báyìí nítorí ohun tí kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ó tún ta iṣu Okonkwo, ó ru owó rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ níbi tó wà. Ní ìparí ìwé, lẹ́bàá òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀, òun ló yíjú sí òyìnbó ìjọba tó sì sọ òtítọ́ sí i lójú. Ọjọ́ kan ó lè kọ̀, ọjọ́ kejì kò lè kọ̀, ọjọ́ kẹta ó tún sọ̀rọ̀. Bí àwọn aládùúgbò mi ṣe rí nìyẹn, bí èmi náà ṣe rí nìyẹn.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ń kàwé ìtàn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá ni àwọn tó ń wo ẹ̀dá-ìtàn nígbà tí ọ̀ràn bá dé. Ta ló wà níbẹ̀? Ojú ta ló ń bẹ̀rù? Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, mo máa ń mọ ohun tó máa ṣe kó tó ṣe é, àyàfi tí òǹkọ̀wé náà bá mọ iṣẹ́ jù mí lọ.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wà, Màálàm kan, ará Katsina, tó gbọ́ Yorùbá nítorí pé ó gbé Ṣàgámù nígbà kan. Ó máa ń jókòó sí bákónì wa, ó ń gbọ́ wa. Lọ́jọ́ kan ó ní, “Ìyá Tóbi, kí ló dé tí gbogbo akọni inú ìwé yín ń mú àdá lọ́wọ́?” Ló bá sọ ìtàn Shaihu Umar fún wa, ìwé tí Abubakar Tafawa Balewa kọ ní èdè Hausa nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé yóò di olórí ìjọba Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn ìwé tó jáde láti inú ìdíje ìtàn Hausa ti 1933. Wọ́n jí Umar gbé ní kékeré, wọ́n tà á, ó di ẹrú Lárúbáwá kan tó mú un lọ sí Íjíbítì, ó sì di àfáà ńlá níbẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Sùúrù ni ohun ìjà rẹ̀.

Mo sọ fún Màálàm pé Umar kò wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ó ti dára jù. Ìyà tó jẹ ẹ́ kò rí ibi kankan gbá mú nínú ìwà rẹ̀, bó ṣe wọlé ló ṣe jáde. Màálàm rẹ́rìn-ín, ó ní Yorùbá ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà ńkọ́! Ìyá yìí dìde, ó wá ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí kò dé rí, wọ́n da òun náà lójú ọ̀nà, wọ́n sọ ọ́ di ẹrú, àfi ìgbà tí ẹ̀mí rẹ̀ fẹ́ bọ́ ni wọ́n tó fojú kan ara wọn. Kò sí ẹgbẹ́ ọdẹ tó ń dúró dè é. Kò sí Umuofia, ìlú Okonkwo, tó ń wò ó. Tó bá yí padà láti àárín ọ̀nà, ta ló máa bú u? Gbogbo ará ilé rẹ̀ ì bá bá a sunkún ni, wọn ì bá sì sọ pé ó gbìyànjú. Mo fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwọn tí mo ti dárúkọ. Ọkọ mi ò gbà, ó ní ìyá gbogbo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá, ìyá gbogbo ló máa sọ pé òun máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1970. Ìyálóde Ìbàdàn gidi ni obìnrin náà, ó kú ní 1874, ṣùgbọ́n eré Ìṣọ̀lá ló gbìn ín sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn. Nínú eré yẹn, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀, ló bá ṣòfin pé ẹrúkẹ́rú kò gbọdọ̀ lóyún nínú ilé òun. Adétutù lóyún, Ẹfúnṣetán sì ní kí wọ́n pa á. Mo rò pé àwọn ọmọ náà á kórìíra rẹ̀, kí a sì tètè kúrò níbẹ̀. Wọn ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń yà wọ́n lẹ́nu ni bó ṣe dá yàtọ̀ tó, tó jẹ́ pé tí o bá bo orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan á jẹ́ kí o mọ̀ pé òun ni. Ọmọ bíbí ti pa ọmọ ìyá púpọ̀ rí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹfúnṣetán ló sọ ìbànújẹ́ tirẹ̀ di òfin. Ìgboyà kọ́ nìyẹn lójú tèmi, ṣùgbọ́n ìwà ni, ìwà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ọ̀fọ̀ ló sì tú u síta.

Bíbo orúkọ yìí wá di eré láàárín wa, ó sì wúlò jù bí mo ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ náà ti ń kọ eré kéékèèké fúnra wọn. Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ, Yorùbá ń wá aṣọ ẹbí, Ìgbò ń ka owó, Hausa ń ṣọ́ géètì. Ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ kò pamọ́. Ní ìlú tí à ń gbé yìí, kí wọ́n tó bi ọmọ wa léèrè orúkọ rẹ̀, wọ́n ti pè é ní Bayarabe, ìyẹn ọmọ Yorùbá lédè Hausa, àwọn tiwa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ẹlòmíràn. Mi ò wàásù fún wọn. Mo ní kí wọ́n pa orúkọ rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn kà á, kó sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bákan náà.

Ọmọkùnrin tó sọ pé “ó nira o” ló wá mú eré búkà wá. Ìyá kan ń ta oúnjẹ ní Nyanya. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sára ògiri rẹ̀, lọ́la ni kàtàpílà ń bọ̀ wá wó o. Gbogbo èèyàn inú eré náà ń ké, wọ́n ń ṣépè, ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Mo ní ó dáa, wàhálà kan náà ti dé bá èèyàn mẹ́rin, ṣùgbọ́n ara mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dé bá. Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ṣe láàárọ̀ tí ẹnì kan tó kù kò ní ṣe?

Ó mú un lọ sílé, ó sì pẹ́ kó tó gbé e padà wá. Mẹ́ruwà, ọmọ Hausa tó ń pọnmi fún búkà náà, ni èyí tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín tó sì mú mi dákẹ́. Láàárọ̀ tí kàtàpílà ń bọ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n ní ṣé orí rẹ̀ pé ni? Ó ní Màmá ti sanwó ọ̀sẹ̀ yìí. Ọmọ ìyá náà ń fi fóònù ya fídíò, ó ń bá àwọn tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Oníbàárà kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ ìyá náà ní gbèsè ìrẹsì, jẹun tán, ó dúró, ó ń nu ẹnu, ó ń nu ẹnu, kò lọ, kò sì san. Ìyá náà gbé àpótí, ó gun orí rẹ̀, ó sì ń tú pátákó orúkọ búkà rẹ̀ sílẹ̀.

Mo bi ọmọ náà pé kí ló dé tó jẹ́ pátákó. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní nígbà tí òun ronú dé ibẹ̀, òun kàn rí i pé ó ti ń gun àpótí. Àwọn tó kù fẹ́ kó fi kún un pé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló kọ pátákó náà. Mo ní kí wọ́n má dán an wò. Tó bá jẹ́ pé òkú ọkọ ló ń sún un gun àpótí, a ò ní rí òun fúnra rẹ̀ mọ́.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n ṣe eré náà níbi ìpàdé ìparí ọdún wa. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mẹ́ruwà jù. Ibi tí a ti ń pín oúnjẹ ni eré wá ń bá a lọ. Ìyá kan ní pátákó kẹ̀? Firísà lòun máa kọ́kọ́ gbé. Ẹlòmíràn ní sílíńdà gáàsì. Ọ̀kan tó ti ta oúnjẹ rí ní Mararaba ní gbogbo wọn ò mọ nǹkan kan, ìwé tí òun kọ gbèsè sí lòun máa fi há abíyá kí òun tó ronú kan ohunkóhun, pàápàá nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba onínu-ẹnu yẹn. Màmá àgbàlagbà kan tó ti dákẹ́ látìgbà náà gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀.

“Èmi á dáná ni. Àwọn tó ń wa kàtàpílà náà ò ní jẹun ni? Tí wọ́n bá ti jẹun tán tí wọ́n sì ti sanwó, kí wọ́n wá máa wó o.”

Ọmọkùnrin tó kọ eré náà bi í pé, “Màmá, èló lẹ máa ta á fún wọn?”

“Iye tí mò ń ta á tẹ́lẹ̀ náà ni,” màmá wí, ó sì ní kí ẹnì kan bá òun bu ẹran sí i.